Ìyanu, Ọ̀rọ̀-Orúkọ

Mo kọ ọ́ sójú pátákó ní kíláàsì kejì,
níléèwé wa ní Ìlódè, lọ́jọ́ tí ọyẹ́ mú:
Ìyanu. Ẹ fi í ṣe gbólóhùn.
Fáníyì ló kọ́kọ́ nawọ́: "Ìyanu ni pé
iná ò lọ látàárọ̀ Sátidé."
Kíláàsì hó yèè.
Ẹlòmíràn ní: "Ọṣẹ Ìyanu ni màmá mi fi ń fọṣọ."
Mo wojú fèrèsé, mo rí ìwé ìpolówó lára ògiri òdìkejì:
ìyanu òru ọjọ́ Ẹtì, ìyanu ìpara,
ìyanu oògùn jẹ̀díjẹ̀dí.
Ó ti rẹ ọ̀rọ̀ náà, bíi náírà
tó ti gba ọwọ́ alápatà kọjá.

Mo ní kí a tú u palẹ̀ bí wọ́n ti ń tú aago.
Ya. Ẹnu. Ì níwájú wọn.
Kí ẹnu ya. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Kì í ṣe láti jẹun, kì í ṣe láti yán,
kì í ṣe bíi ti ẹni tí dókítà eyín ń wò:
kí ó ṣáà ya, kí nǹkan kan má wọlé, kí nǹkan kan má jáde.
"Tíṣà, ṣé eṣinṣin ò ní wọ̀ ọ́?"
Ó lè wọ̀ ọ́, Múyíbì.
Ẹni tó bá ṣì rántí eṣinṣin, ẹnu rẹ̀ kò tíì ya.

Èyí tí n kò sọ fún wọn nìyí.
Lọ́dún tí mo pé mẹ́sàn-án, ní Mọọ̀rẹ̀,
bàbá mi ń gbẹ́ ihò ṣáláńgá sí ẹ̀yìnkùlé.
Bíríkìlà ni, Ọládẹ̀jọ aláriwo,
tó ń bá sìmẹ́ńtì jà, tó ń bá ṣọ́bìrì sọ̀rọ̀.
Ọmọ Ìgẹ̀dẹ̀ kan ló wà nínú ihò, Ógbu lorúkọ rẹ̀,
kò gbọ́ ju "omi" àti "ó tó" lọ nínú èdè wa.
Ihò ti mù ún dé ìbàdí kí irin tó dún kẹ̀ẹ̀.
Ó fọwọ́ gbá erùpẹ̀. Ó tún gbá a.
Ó dákẹ́.

Àpáàdì ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpáàdì,
tí wọ́n tò lóòró, etí sókè, ẹ̀gbẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́,
bí egungun ẹja, bí irun tí wọ́n dì fún ìyàwó,
ó sì wọ abẹ́ ilé wa lọ láìdágbére.
Ta ló tò ó? Ẹsẹ̀ ta ló dán an báyìí?
Ìkòkò ta ló fọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò dé ààtàn?
Àṣé orí àgbàlá onílé la ti ń sùn.
Àpáàdì ló tó ko iná lójú, a máa ń wí i;
a ò mọ̀ pé ó tó ko ìgbà lójú pẹ̀lú.

Orí mi wú.
Bàbá mi, aláriwo, bọ́ bàtà.
Kò ní kí n bọ́ tèmi. Mo bọ́ ọ.
Ẹnu Ógbu ya nísàlẹ̀, ẹnu bàbá mi ya lókè,
ìwọ̀n kan náà, láìsí ògbufọ̀.
Ìyá mi ké láti inú ilé pé kí ló dé.
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Wọ́n da erùpẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń daṣọ bo ọmọ tó sùn.
Bàbá mi sanwó Ógbu pé.
Oṣù mẹ́ta la fi ń lọ yàgbẹ́ nílé Ìyá Ọ̀ṣúnbùnmi,
tí ìyá mi ń kùn: "Ṣé àpáàdì la ó máa jẹ ni?"
Ó ń kùn o, ṣùgbọ́n kò da omi gbígbóná síbẹ̀ mọ́.

Mo ti dàgbà ju bàbá mi ìgbà náà lọ.
Bí mo bá délé, tí mo fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé,
mo ṣì máa ń fi sálúbàtà sọ́wọ́.
Àwọn ọmọ mi a máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Agogo dún. Mo kó ìwé wọn jọ.
Mo fún Fáníyì ní méjì nínú márùn-ún,
mo wá rántí òru tí iná kọ́kọ́ wọ ilé wa,
bí ìyá mi ṣe jókòó sábẹ́ gílóòbù,
tí kò sọ nǹkan kan.
Mo fagi lé méjì. Mo kọ mẹ́rin.